Déètì Tí Mo Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Fọwọ́ Kàn

Kí n tó kúrò nílé, ohun tí mo ṣe kẹ́yìn ni pé mo lẹ ìwé pélébé kan mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ kí ìlà rẹ̀ tó gún. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan déètì. Ẹnikẹ́ni." Mo fa ìlà sábẹ́ èkejì. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi lọ́wọ́, ó ní ta ni mo rò pé yóò wá fọwọ́ kan déètì kọ̀ǹpútà tí a ti fi aṣọ bò, nínú ilé tí èmi nìkan ti mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Mo ní Àmínátù ń dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àmínátù ọmọ wa nígbà náà, ó sì ń sùn lọ́wọ́.

Ọdún márùn-ún rèé tí mo ti wà ní ìlú òyìnbó. Púpọ̀ nínú ohun tí mo ti rí níbí, ìwé pélébé yẹn ló ń mú mi rántí rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀.

Iṣẹ́ taípù ni mo ṣe ní Ìjagun fún ọdún mọ́kànlá, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kàwé mọ, àmọ́ àwọn tó ń gboyè ló ń kó pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá bá mi, torí pé bí wọ́n bá gbàgbé àmì ìdánudúró, èmi kì í gbàgbé. Àwọn tó ń kọ́ èdè Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sórí ẹyin.

Ètò àdánwò ni. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n ní kí èèyàn fi tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà yóò ti ara rẹ̀ pa. Àwọn alátaípù yòókù lójú ọ̀nà wa ní irú rẹ̀. Bí oṣù bá ti ń parí, wọn á dá déètì kọ̀ǹpútà wọn padà sẹ́yìn kí ètò náà lè rò pé oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwà tó dáa. Tèmi kò tilẹ̀ gba ìyẹn. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń di aago mú nínú kọ̀ǹpútà mi ti kú kí n tó rà á, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tí wọ́n ṣe é ló ń padà sí. Ètò náà ń rí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lójoojúmọ́, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá tún déètì yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, ètò yóò mọ̀ pé wọ́n ti ń tan òun jẹ, yóò sì tì pa títí láé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ra bátìrì tuntun.

Nínú kọ̀ǹpútà mi, wọn kò tíì bí Àmínátù. Kí n sọ òtítọ́, ìyẹn kò dùn mí. Ọmọ tí wọn kò tíì bí kò lè já bọ́ lórí àga.

* * *

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbí, mo kí gbogbo ẹni tó wà níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣe nílé. Wọ́n jẹ́ mẹ́fà. Obìnrin kan rọra bi mí bóyá nǹkan mi sọnù. Ọkùnrin kan yọ ohun tó fi dí etí, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó dúpẹ́, ó sì dá nǹkan náà padà sétí. Láti ọjọ́ kẹrin, orí ni mo ń mì.

Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ ìdìrù, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó gùn ju pápá ìṣeré lọ. Èmi ni mo ń lẹ àdírẹ́sì mọ́ páálí. Mo máa ń lẹ̀ ẹ́ kó gún régé, mo ń fi àtàǹpàkò wọn etí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tó ń ka ìṣẹ́jú, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta ó ti ń ké mọ́ mi. Ọ̀gá wa wá dúró tì mí. Ó ní páálí kò mọ̀ bóyá ìwé orí òun wọ́. Mo ní èmi mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa mọ̀ ọ́n kíákíá.

Nígbà tí òtútù dé, mo dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo bá géètì ní títì. Wákàtí kan gbáko ni mo fi dúró. Kólìn, àgbà ọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí páálí, ló ṣàlàyé fún mi nígbà tó dé pé gbogbo orílẹ̀-èdè ti dá aago padà ní wákàtí kan mọ́jú ọjọ́ náà, àti pé ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn? Ilé ìfowópamọ́ ńkọ́? Ọba wọn ńkọ́? Ó ní gbogbo wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Ẹ̀yin alátaípù Ìjagun tí ẹ̀ ń fọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá ń dá déètì padà, ẹ wá wo àwọn tó ń ṣe é ní gbangba.

Bí mo ṣe wá mọ̀ ọ́n nìyẹn pé nígbà ooru, aago wọn àti ti ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde dọ́gba, nígbà òtútù wọn á fi wákàtí kan sẹ́yìn wa. Aago ọwọ́ mi kò yí padà rí. Aago ilé ló ń kà. Ní aago kan ọ̀sán wọn lọ́jọ́ òtútù, mo mọ̀ pé Àmínátù ti jáde nílé ẹ̀kọ́, ó ti dé etí títì, èmi náà á sì dúró nídìí páálí, n ó máa wo ọ̀tún, n ó máa wo òsì, títí n ó fi rò pé ó ti sọdá. Ẹ̀rọ ọwọ́ mi máa ń ké nígbà yẹn. Kólìn ti mọ̀. Ó máa ń bi mí pé, "Ṣé ó ti sọdá?" Mo máa ń dá a lóhùn pé ó ti sọdá.

Ilé tí èèyàn fi sílẹ̀ kì í dúró, ti inú orí ẹni ló máa ń dúró. Ní ọdún kejì mi, mo ra bàtà ránṣẹ́ sí Àmínátù. Mo wọ̀n ọ́n dáadáa nínú ṣọ́ọ̀bù, okùn tí mo fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó kúrò nílé ni mo mú dání. Kò sí ohun tó ṣe okùn náà. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ kan ní Ìbefun ló ń wọ bàtà ọ̀hún.

* * *

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n, lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ìbéèrè mi wà létòlétò. Ṣé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Ṣé wọ́n ti pa gáàsì láti ìsàlẹ̀? Ṣé Àmínátù ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì? Ṣé ó ń jẹ ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ tàbí ó ń ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́? Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi ní, "Bàbá Àmínà, ọmọ lẹ ń béèrè ni, àbí ẹrù lẹ ń kà?" Mo gbọ́ tí Àmínátù ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dáhùn ti nẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún yìí, Àmínátù pé mẹ́rìnlá, ó sì ní òun fẹ́ fóònù tòun. Mo ní ó di ìgbà tó bá ṣe tán ní girama. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ní. Mo ní n kì í ṣe bàbá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tó pọ̀ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì, nípa àgbàlagbà tó ń pe ara rẹ̀ lọ́mọdé, nípa àwòrán ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń gbé kiri. Ẹni tó wà nílé lè wo ojú ọmọ kó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ohùn nìkan ni mo ní, nígbà mìíràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì gba ìdajì rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dé.

"Dádì, bí kò bá ṣe fóònù, ṣé mo lè lo kọ̀ǹpútà yín? Ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Pálọ̀ ló máa wà, gbogbo èèyàn á máa rí ohun tí mò ń ṣe."

Ẹ̀rín pa mí. Kọ̀ǹpútà yẹn ju òun fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí wọ́n ṣe é, wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Bí mo bá fẹ́ tẹ ìwé lára rẹ̀, mo lè pọn omi kí ó tó tàn tán. Nítorí náà ni mo ṣe fi ọkàn balẹ̀ sọ pé, "Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yẹn bá wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, n kò ní bá ọ jiyàn mọ́."

"Mo gbọ́ o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo wà níbí, mo gbọ́."

* * *

Lọ́jọ́ kejì, mo bi Kólìn nígbà oúnjẹ ọ̀sán, kí ó lè sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. N kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ méje ló wà nílé ọkùnrin yìí, àti pé aya rẹ̀ ti ní kó yan ọ̀kan nínú òun àti wọn. Ó gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní kò le rárá. Kí ọmọ náà fi wáyà so ó mọ́ àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ètò tuntun tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ti ṣe fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tó wà nínú rẹ̀ kò lè ka ìwé òde òní mọ́.

Ó gbé ìka sókè. Ó ní ohun tó kẹ́yìn ni aago. Ibi gbogbo tí èèyàn bá fẹ́ wọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí máa ń fi ìwé ẹ̀rí han kọ̀ǹpútà rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì wo ọjọ́ tó wà lára ìwé ẹ̀rí náà. Bí aago kọ̀ǹpútà bá wà ní ogún ọdún sẹ́yìn, yóò ní ìwé ẹ̀rí yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní gbà kí onítọ̀hún kọjá.

Mo mu omi mi. Ọkàn mi balẹ̀. Ìwé pélébé mi wà níbẹ̀.

Mo sọ ti wáyà àti ti ètò fún Àmínátù, n kò sọ ti aago. Láti ìgbà náà, ìròyìn ni mo ń gbà lọ́jọ́ Àìkú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ṣí aṣọ orí rẹ̀, wọ́n bá ọmọńlé méjì tó ti gbẹ lórí kíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà náà sì tàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ra wáyà, wọ́n so ó mọ́ àpótí tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ tíṣà rẹ̀ nílé, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Àmínátù ti rí ètò tí Kólìn sọ, ó ti fi fóònù ìyá rẹ̀ gbà á, ó ti fi fíláàṣì gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Mo ń gbóríyìn fún un. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rín mi ń dínkù.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Dádì, ó ti ṣí, ó tún wá kọ̀. Ó ní òun kò fọkàn tán ibi tí mo fẹ́ lọ."

"Kí ló tún sọ?"

"Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ṣé ẹ̀yin mọ ohun tó lè fà á?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Kò sí ohun tí mo fẹ́ rò. Èmi tí mo lè rí kọ́mà tó sọnù láti òdìkejì yàrá, mo wá ń ṣe bí ẹni pé n kò rí ògiri. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò purọ́, mo kàn ní kí n rò ó ni. Kólìn béèrè ibi tí ọmọ náà bá a dé. Mo ní ó ti kù díẹ̀. Ó ní, "Aago ńkọ́?" Mo ní n ó bi í. Ó wò mí, ó wo páálí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ìwé mọ́, ìwé náà sì wọ́.

* * *

Ọjọ́rú kan ni ìyàwó mi pè mí, òun nìkan. Òun kì í pè mí lọ́jọ́rú. Kí n tó béèrè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ yìí ń tan kọ̀ǹpútà yẹn lójoojúmọ́ bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Á jókòó síwájú rẹ̀, á wo ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, á tún pa á. Mo ní kí n pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní rárá, ó ní Dádì á sọ. Bàbá Àmínà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n àbí ẹ kò mọ̀ ọ́n?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Níbẹ̀ ló ti fi Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ sílẹ̀, ó bọ́ sínú Ìjẹ̀bú ti Ìbefun ìlú rẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó mi bá ti dé ibẹ̀, ẹjọ́ ti parí. N kò ní kọ ohun tó sọ síhìn-ín. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà.

N kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo pe Àmínátù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì sọ fún un pé déètì ni. Mo ní kó yí i sí ọjọ́ òní.

Kò fò sókè bí mo ṣe rò. Ó ní, "Ètò tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní tì?"

"Yóò tì."

"Kò ní ṣí mọ́?"

"Kò ní ṣí mọ́."

"Ó dá yín lójú, Dádì?"

Mo ronú kan ṣọ́ọ̀bù yẹn, àti ọdún mọ́kànlá. Mo ní kó yí i. Mo gbọ́ kíbọ́ọ̀dù mi láti ọ̀nà jíjìn, ohùn rẹ̀ kò yí padà, bọ́tìnì kan tó ti máa ń le tẹ́lẹ̀ ṣì le. Ìyá rẹ̀ ń sọ pé kó rọra. Lẹ́yìn náà, a jọ dúró dè é fún ìgbà pípẹ́, torí pé kọ̀ǹpútà yẹn kì í kánjú fún ẹnikẹ́ni. Fóònù mi dún. Lẹ́tà kan ti dé sórí rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde.

Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Èmi ni mo fi àmì sí i níhìn-ín:

"Dádì mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú kọ̀ǹpútà yín ni mo ti ń kọ èyí. Ètò yín ti tì pa bí ẹ ṣe wí, ẹ má bínú pé kò sí àmì. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fi sí i. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ lórí fóònù nítorí Mọ́mì á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti kọ̀ ni kọ̀ǹpútà ti sọ fún mi pé aago rẹ̀ kò tọ̀nà, kí n tún un ṣe. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ẹ sì fa ìlà sí i. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa sọ. Bí mo bá ti pa á, á tún padà sí ọdún àtijọ́, nítorí náà bí mo bá ti tàn án, n ó kọ́kọ́ máa sọ ọjọ́ òní fún un. Nọ́ńbà bàtà mi jẹ́ méjìdínlógójì báyìí. Èmi, Àmínátù."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé ọmọ lè ṣe ohun tí n kò rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi wà níwájú ohun tí ìka kan lè yí, èmi sì wà ní òdìkejì òkun tí n kò rí nǹkan kan. Mo lọ wo ọjọ́ tó wà lókè lẹ́tà náà. Ọjọ́ kan náà ni pẹ̀lú ti fóònù mi.

Kólìn ló fún mi ní bátìrì tuntun fún aago kọ̀ǹpútà náà, ó pọ̀ nínú àpótí kan nílé rẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyàwó mi sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Arákùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ń lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òun ni mo fi í rán sí wọn, pẹ̀lú bàtà nọ́ńbà méjìdínlógójì tí n kò fi okùn wọ̀n. Mo gé ìwé pélébé tuntun, mo kọ ọ́ sí i pé, "Àmínátù lè fọwọ́ kàn án," mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí bátìrì náà.

Ó wọ́ díẹ̀ lápá òsì. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.